Dínà Jáde Lọ Wo Àwọn Ọmọbìnrin

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 34, Lúùkù 2:41–52

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnáwó ilé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń bàlágà ni, àti fídíò orin tí wọ́n ń wò.

Kò sí ìpàdé tí a ṣe láìpẹ́ yìí tí ọ̀rọ̀ náà kò yọjú. Ìyá kan á ní ọmọ òun a máa tilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú fóònù. Òmíràn á ní ọmọ tí òun ti ń mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti ọmọ ọdún 3 ti mọ gbogbo ijó olórin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ka Orin Dáfídì 23 lórí, àárín ọ̀nà ni yóò dúró sí. Àwa tí ó kù a ó pòṣé, a ó ní ayé ti bàjẹ́, a ó gbàdúrà, a ó sì túká. Bí a bá délé, orin yẹn náà ni a ó bá lẹ́nu ọmọ.

Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí a ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Kí ni ó wà nínú fídíò wọ̀nyí gan-an tí ó ń fa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 tàbí 14 mọ́ra tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọbìnrin kan láàárín ọkùnrin 11

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí Jẹ́nẹ́sísì orí 34. Ìtàn Dínà ọmọ Léà ni, kò sì rọrùn láti kà. Ọmọbìnrin yìí jáde lọ wo àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ náà. Ṣékémù, ọmọ olórí ibẹ̀, rí i, ó mú un, ó sì fi ipá bá a lò. Àwọn arákùnrin rẹ̀ gbẹ̀san, wọ́n pa gbogbo ọkùnrin ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ ìwàásù lórí orí yìí, àwa náà sì ti fi kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rí: ẹ wo ohun tí ìrìnkurìn fà! Ẹsẹ kìíní ni a máa ń dúró lé lórí, bí ẹni pé Dínà ni ó ṣẹ̀, tí kì í ṣe ẹni tí ó fi ipá mú un.

Nígbà tí a tún un kà fún ẹ̀kọ́ yìí, ohun méjì ni ó dá wa dúró. Èkíní ni ohun tí Dínà jáde lọ wò. Bíbélì kò sọ pé ọkùnrin ni ó lọ wò. Àwọn ọmọbìnrin ni. Ẹ sì rò ó wò ná: arákùnrin 11 ni ó ní nígbà náà, òun nìkan sì ni a dárúkọ nínú àwọn ọmọbìnrin Jákọ́bù. Nínú ilé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ àgùntàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún ọkùnrin, ta ni ọmọ yìí yóò wò kí ó tó mọ bí a ti ń di ọmọge? Ó fẹ́ rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ rí bí wọ́n ti ń dirun, bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ti ń rìn ní ìlú tiwọn.

Ohun kejì ń bọ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí lọ sí ìdí fídíò orin, nítorí a gbà pé ohun kan náà ni ó ń gbé ọmọ wa débẹ̀.

A kò ní fi olórin tí inú rẹ̀ ń bí wa lọ́wọ́ ṣe àpẹẹrẹ, torí ẹni tí inú ń bí kì í ríran dáadáa. Olórin àtijọ́ kan ni a ó mú, ará Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń tẹ̀lé e nígbà náà ti di ìyá, tí àwọn mìíràn ti di ìyá àgbà. Madonna ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ju ẹni 50 ọdún lọ yóò ti gbọ́ orúkọ náà rí. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti jó sí orin rẹ̀ kí ẹ tó di ìyá ìjọ. A kò bi yín o.

Kì í ṣe orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni, òun náà ni wọ́n sì fún un. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn Àgùdà fi ń pe Màríà ìyá Olúwa wa ní èdè Ítálì. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1958 ni wọ́n bí i ní Bay City, ní ìpínlẹ̀ Michigan, sínú ilé tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìjọ Àgùdà ṣeré. Ní ọdún 1963, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 5, àrùn jẹjẹrẹ ọmú pa ìyá rẹ̀. Ọmọ 30 ọdún péré ni ìyá náà. Madonna ni ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin ilé. Bàbá wọn fẹ́ ìyàwó mìíràn lẹ́yìn náà. Ní 1978 ọmọ yìí fi yunifásítì sílẹ̀, ó gba New York lọ láti lọ máa jó. Bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, dọ́là 35 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. A sọ èyí kí ẹ lè rí i pé ọmọ ènìyàn ni, ọmọ tí kò rí ìyá bi léèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń bàlágà.

Ohun tí ọmọ rí, ohun tí ìyá rí

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tí à ń pè ní MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fídíò orin ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọrin. Ọkùnrin á gbé gìtá kọ́rùn, á máa lọgun. Obìnrin tí ẹ bá rí nínú ọ̀pọ̀ àwọn fídíò náà, bí òdòdó orí tábìlì ni: wọ́n gbé e síbẹ̀ fún wíwò, kì í sọ̀rọ̀, kò sì sí ibi tí ó ń lọ. Ọmọbìnrin tí ó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n náà ní 1982 ń ṣe bíi Dínà nínú ilé Jákọ́bù. Ó ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀, kò rí i.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin kan wọlé dé. Cyndi Lauper ṣe Girls Just Want to Have Fun ní 1983. Nínú fídíò náà, ọmọbìnrin kan wọlé láti òde, ó bá ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná tí ó ń fọ́ ẹyin, ìyá sì bá a wí. Ìyá Cyndi gan-an, ẹni tí ó bí i lọ́mọ, ni ó ṣe ìyá inú fídíò yẹn. Nígbà tí a mọ èyí, a rẹ́rìn-ín títí. Ìyá tí ó bá ọmọ rẹ̀ wọ inú fídíò lọ jókòó! Mélòó nínú wa ni yóò gbà?

Madonna ni ó wá gba orí àwọn ọmọ náà jù. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn fídíò rẹ̀ dáadáa, èyí tí à ń pè ní Borderline, ti ọdún 1984. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò àwọn tálákà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn. Ayàwòrán olówó kan rí i lójú pópó, ó mú un lọ sí ilé ńlá rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye, ó ń yà á. Ibi tí ó wà lọ́dọ̀ olówó yìí, dúdú àti funfun ni àwòrán. Ibi tí ó wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ mèremère ni. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ náà gbé ọ̀dà, ó fi kọ jágajàga sára àwọn ère funfun ilé olówó, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Obìnrin ni ó darí fídíò náà, Mary Lambert lorúkọ rẹ̀. Òun náà ni ó darí Like a Virgin ní 1984 àti Material Girl ní 1985.

Ti Material Girl tilẹ̀ yẹ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wò ó dópin. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin yẹn nìkan yóò ní ọmọbìnrin olójúkòkòrò ni, tí kò mọ̀ ju owó ọkùnrin lọ. Ó wọ aṣọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti Marilyn Monroe nínú sinimá 1953 kan, àwọn ọkùnrin ń kó ohun ọ̀ṣọ́ wá bá a. Ṣùgbọ́n eré ni ó ń ṣe níbi tí ó ti ń kọrin yẹn. Lẹ́yìn eré, ọkùnrin tí ó bá lọ ni ẹni tí ó mú òdòdó lásán wá, tí ó wa ọkọ̀ akẹ́rù hẹ́gẹhẹ̀gẹ kan dé. Ẹni tí ó wo fídíò náà dáadáa sì mọ̀ pé olówó ni ọkùnrin yìí pẹ̀lú, ó ń díbọ́n bíi tálákà ni. Àwọn ọmọbìnrin rí gbogbo èyí, wọ́n sì ń tò ó láàárín ara wọn. Àwọn ìyá gbọ́ orin láti inú yàrá kejì, wọ́n ti dájọ́.

Kí ni àwọn ìyá rí nígbà tí wọ́n wọ yàrá náà? Wọ́n rí kọ́mú tí ó yọ síta. Wọ́n rí ikùn. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Àgùdà àti àgbélébùú tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ etí. Wọ́n rí bẹ́líìtì tí a kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀ pé ohun ìṣeré ọmọkùnrin ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ìyá wo ni yóò rí èyí tí ẹ̀rù kò ní bà? Ohun tí ọkùnrin yóò rí ni ìyá rí, nítorí ó mọ ojú tí ọkùnrin fi ń wo ọmọbìnrin, ó sì mọ ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àwọn ọmọ kò fi ojú yẹn wò ó. Ọ̀mọ̀wé kan tí ó ń ṣe ìwádìí nípa tẹlifíṣọ̀n, John Fiske, bá àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì kọ̀wé nípa wọn nínú Reading the Popular ní 1989. Kì í ṣe pé wọn kò rí ìmúra náà. Wọ́n rí i, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn àgbà ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wù wọ́n ni pé kò jọ pé ó bìkítà. Ó ń wo kámẹ́rà lójú, bí ẹni pé òun ni ó ń wo ẹni tí ń wò ó. Wọ́n gbà pé ara rẹ̀ ni ó ń múra fún, pé kì í ṣe nítorí ọkùnrin kankan. Ẹ rántí ohun tí ọmọ ọdún 14 ń bá yí lójoojúmọ́: ara ń yí padà láìgbàṣẹ, àwọn ọmọkùnrin ń sọ̀rọ̀ sí i lójú ọ̀nà, ìyá ní kí ó bo àyà, olùkọ́ ní kí ó wo ilẹ̀. Gbogbo ayé ni ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ àfi òun. Ó wá rí obìnrin kan tí ojú kò tì.

Aṣọ náà kò sì jìnnà sí wọn. Kì í ṣe aṣọ ọba. Ìbọ̀wọ́ léèsì, ẹ̀gbà ọwọ́ rọ́bà, yẹ̀rì tí a wọ̀ lé ara wọn, àkísà tí a fi di irun: ọmọ lè rí i kó jọ láti inú àpótí ilé. Nígbà tí Madonna ń rin ìrìn àjò orin rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìlú dé ìlú, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹfà ọdún 1985, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n múra bíi tirẹ̀ wá síbẹ̀. Ilé ìtajà ńlá Macy's ní New York ya apá kan sọ́tọ̀ fún irú aṣọ náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lé e. Òmìnira tí wọ́n bá ń tà ní ìsọ̀, ẹnì kan ti ka owó rẹ̀ kí ọmọ tó dé ibẹ̀. Ọmọ sọ pé òun kò jọ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó wọ irú ẹ̀gbà kan náà. Ó sọ pé òun kò múra fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ara obìnrin ni wọ́n ṣì fi ń ta ọjà náà. Madonna fúnra rẹ̀ tẹ̀ síwájú lọ́nà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí MTV pàápàá fi kọ̀ láti fi ọ̀kan nínú fídíò rẹ̀ hàn ní 1990. Ó tà á fún àwọn ènìyàn nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì tà wàrà-wàrà. Ebi tí ń pa ọmọ náà, ebi tòótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí a gbé síwájú rẹ̀ ni ó jẹ́ oúnjẹ.

Bí a ṣe pariwo

Àwa ọmọ Ìjọ Elétò ní ipa tiwa nínú ìtàn yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, Pepsi ti ṣèlérí mílíọ̀nù 5 dọ́là fún Madonna fún ìpolówó ọjà tí orin tuntun rẹ̀, Like a Prayer, wà nínú rẹ̀. Fídíò orin náà fúnra rẹ̀ jáde lójú kan náà. Àgbélébùú ń jó nínú rẹ̀, obìnrin náà sì fi ẹnu ko ẹni mímọ́ kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú lẹ́nu nínú ilé ìjọsìn. Lára àwọn tí wọ́n dìde sí i ni Donald Wildmon, òjíṣẹ́ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ní kí àwọn Kristẹni má ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà mọ́. Àwọn Àgùdà bá a lóhùn. Pepsi bẹ̀rù, wọ́n yọ ìpolówó náà kúrò. Madonna mú owó rẹ̀. Orin náà dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù tí ó tẹ̀lé e.

A kò bú òjíṣẹ́ náà. Bí a bá rí àgbélébùú tí ń jó, inú yóò bí àwa náà. Ohun tí a ń wò ni pé nínú gbogbo ariwo yẹn, ọ̀rọ̀ àárín ilé iṣẹ́ ńlá, olórin àti àwọn àgbà ni. Fídíò yẹn sọ ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n mú láìṣẹ̀, àti obìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà láti jẹ́rìí, tí ó wá lọ jẹ́rìí kí wọ́n lè dá a sílẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá ti bi ìyá rẹ̀ pé, Màmá, kí ni ẹ rò nípa ìyẹn, ìbá jẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni ó bi wọ́n?

Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní 1986, ni Papa Don't Preach jáde. Òun ni ó kàn wá jù. Bàbá kan ń dá tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Ìyá kò sí nínú fídíò náà, ẹ sì ti mọ ìyá ta ni kò sí. Ọmọ náà gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ aṣọ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Ó ti lóyún. Kì í ṣe ijó ni ó wà ní àárín fídíò náà, ìṣẹ́jú tí ọmọ fẹ́ sọ fún bàbá ni, tí ó ń rìn bọ̀ wálé tí ẹsẹ̀ ń wúwo. Ó sọ ọ́. Bàbá dákẹ́, ó yíjú. Ó pẹ́ kí ó tó gbá a mọ́ra. Àwọn tí ń ṣètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní New York bínú, wọ́n ní yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé oyún kékeré kì í ṣe nǹkan. Tipper Gore, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ orin Madonna mìíràn mọ́ àwọn orin 15 tí wọ́n ní kí òbí ṣọ́ra fún ní 1985, yin èyí, ó ní yóò mú kí òbí àti ọmọ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tiwa ni pé àwọn méjèèjì rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá, kì í ṣe oyún ni ó ń wá níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá lè gbọ́ ohun tí ó burú jù, kí ó sì ṣì jẹ́ bàbá.

Wákàtí ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Gbogbo wa ni a mọ Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Ní 1712 ó kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí ó ti ń ya àkókò sọ́tọ̀ ní alaalẹ́ láti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: Molly ní ọjọ́ Ajé, Hetty ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Nancy ní Ọjọ́rú, John ní Ọjọ́bọ̀, Patty ní ọjọ́ Ẹtì, Charles ní Àbámẹ́ta, Emily àti Sukey ní ọjọ́ Ìsinmi. A máa ń sọ ti Ọjọ́bọ̀ nítorí John. Ẹ ka orúkọ wọn: nínú ọmọ 8, obìnrin ni 6.

Hetty ọmọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a fẹ́ tẹ̀lé lọ díẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, akéwì ni pẹ̀lú. Ní 1725 ó bá ọkùnrin kan lọ, ọkùnrin náà kò fẹ́ ẹ, ó sì padà wálé pẹ̀lú oyún. Bàbá rẹ̀, Samuel, àlùfáà ni. Wọ́n sáré fi í fún William Wright tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ omi, ọkùnrin tí kò bá a mu rárá. Ọmọ tí ó bí kú. Ó bẹ bàbá, bàbá kò gbà. Ní 1726, John ọmọ rẹ̀ gun orí àga ìwàásù ní Wroot, ó wàásù lórí ìfẹ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Bàbá sì mọ̀ pé òun ni ìwàásù náà ń bá wí. Kò tìtorí rẹ̀ yí padà. Ẹ wo bí ìtàn fídíò 1986 ti wà nínú ilé tí ìjọ wa ti ṣẹ̀ wá, láìsí ibi tí bàbá ti gbá ọmọ mọ́ra.

A kò wí pé wákàtí kan lọ́sẹ̀ ń di ọ̀nà mọ́ ewu. Kò dí i mọ́ Hetty. Ohun tí a rí ni pé Susanna mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ìdìpọ̀.

Èyí ni ó mú wa dé ohun kejì nínú Jẹ́nẹ́sísì 34. Ẹ lọ ka orí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣékémù sọ̀rọ̀. Hámórì bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Jákọ́bù sọ̀rọ̀, ẹ̀tàn ni. Jákọ́bù kọ́kọ́ dákẹ́, ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ó yá, ti ààbò ara rẹ̀ ni ó sì ń sọ. Símeónì àti Léfì ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Dínà kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, kí ni o lọ wò? Kí ni o rí? Báwo ni ara rẹ? A kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn Léà ìyá rẹ̀.

Ẹ fi wé Lúùkù orí kejì. Jésù, ọmọ ọdún 12, sọnù fún ọjọ́ mẹ́ta. Màríà rí i, inú bí i, ó sọ ọ́ jáde pé ọkàn òun kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó dúró gbọ́ ìdáhùn, kò sì yé e. Ó pa á mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Ìyá tí ọ̀rọ̀ ọmọ kò yé, tí kò sì jù ú nù: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà lónìí.

Ní ilé wa báyìí

Lónìí, olórin tí ọmọ wa ń wò lè jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Ayra Starr, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Oyinkansọ́lá Sarah Adéríbigbé, Cotonou ni wọ́n bí i sí ní 2002. Orí Instagram ni ó ti ń gbé orin rẹ̀ sí kí Don Jazzy tó rí i. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2021. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ yẹ̀rì kúkúrú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń rí ọmọ Adéríbigbé tí ó duro gbọnyin níwájú ayé. Ohun tí ó sì yàtọ̀ sí ti 1985 ni pé tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀, ìyá lè kọjá níwájú rẹ̀. Fóònù wà ní abẹ́ ìrọ̀rí, ó ń yan èyí tí ó kàn fúnra rẹ̀, ọmọ sì tún lè ya ara rẹ̀ kí ó sì gbé e sí ìta fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Lórí ìyẹn, kí ìyá máṣe fi ẹnu gbígbẹ bẹ̀bẹ̀: kí a mọ ohun tí ọmọ ń gbé síta, kí a sì mọ ẹni tí ń fèsì. Ṣékémù kò tíì kúrò ní ìlú.

Nípa wíwò, iṣẹ́ àṣetiléwá kan ni a fún gbogbo ẹgbẹ́ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan fún ọmọbìnrin yín, tirẹ̀ nìkan. Ẹ ní kí ó yan fídíò kan tí ó fẹ́ràn jù, kí ẹ jókòó tì í. Kí ẹ bi í pé ta ni obìnrin yìí jẹ́ lójú rẹ̀, kí ni ó ń ṣe tí ó wù ọ́, ibo sì ni kò ti wù ọ́. Ẹ ó rí i pé ó ní ibi tí kò ti wù ú. Kí ẹ sọ ti yín fún un pẹ̀lú, ohun tí ó ń bà yín lẹ́rù, àti olórin tí ẹ̀yin náà fi orúkọ bo láṣìírí fún bàbá yín nígbà èwe. Bí ọmọ bá gbà, kí ẹ mú ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé. Bí kò bá gbà, kí ó dúró sínú ọkàn yín bíi ti Màríà. Ìkìlọ̀ kan péré ni a ṣe fún ẹ̀yin ìyá: bí fídíò náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pòṣé kí ó tó tán.